Bí A Ti Í Ka Ìwé Owó Gáàsì ní Ìlú Òyìnbó

Kò sí ọdún kan tí àwọn kan nínú ẹbí àti ọ̀rẹ́ wa kì í rékọjá sí ìlú Òyìnbó láti kọ́ ẹ̀kọ́ tàbí láti ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ òtútù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ sí wa. Lẹ́yìn òtútù, ọ̀rọ̀ owó gáàsì ni. Ìwé owó yìí, tí wọ́n ń pè ní bíìlì, kún fún nọ́ńbà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ti jáde ní yunifásítì pàápàá fi ń wo ìlà ìkẹyìn nìkan, tí yóò sì san iye tí ó bá rí níbẹ̀. A kò rò pé ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ìsọdipúpọ̀ àti pípín lọ, ẹni tí kò bá sì ṣe é lè máa san owó tí kò jẹ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń rú àwọn ará wa lójú ni pé, nílé, a kì í jẹ gbèsè gáàsì. A ó gbé sílíńdà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á, yóò gbé e lé òṣùwọ̀n, a ó san owó iye kíló tí a rà, ó parí. Bí ó bá tán nígbà tí ẹ̀wà kò tí ì jinná, gbogbo ilé ni yóò mọ̀. Ní ìlú Òyìnbó, abẹ́ ilẹ̀ ni gáàsì ń gbà wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. A kì í rí i, kì í sì í tán. A ń lò ó ṣáájú, a ń sanwó lẹ́yìn. Kì í ṣe fún oúnjẹ nìkan pẹ̀lú: òun ni ó ń gbóná omi ìwẹ̀, òun náà ni ó ń mú kí yàrá móoru, èyí tí ó gba gáàsì ju ti ìdáná lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ta ni ó wá ni gáàsì náà? Ní ọdún 1812 ni a dá Gas Light and Coke Company sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti inú èédú ni wọ́n ti ń mú gáàsì jáde nígbà náà. Ní 1949 ìjọba kó gbogbo irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ju 1,000 lọ, sí ìkáwọ́ ara rẹ̀. Ní 1965 a rí gáàsì lábẹ́ Òkun Àríwá, àti láti 1967 títí dé 1977 ni àwọn oníṣẹ́ fi ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń tún sítóòfù ṣe kí ó lè jó gáàsì tuntun náà. Ìjọba ta British Gas ní 1986, àti láàárín 1996 sí 1998 a ṣí ọjà sílẹ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan lè yan ẹni tí yóò máa ta gáàsì fún un.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí bíìlì kọ́ ni ó ni páìpù. Àwọn tí ó ni páìpù tí ó wọ àdúgbò lọ́tọ̀: Cadent ni ní Lọ́ńdọ̀nù lápá àríwá àti ní ibòmíràn, SGN ni ní Skọ́tlándì àti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùtà kàn ń ra gáàsì ní ọjà ńlá ni, ó sì ń tà á fún wa. Ó dà bí ẹni pé gbogbo alágbàtà ń da epo sínú àgbá ńlá kan ṣoṣo, tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ń bù nínú rẹ̀. Iye tí olúkúlùkù dà àti iye tí olúkúlùkù bù ni a ń kọ sílẹ̀. Nítorí náà ni kò fi sí ẹni tí iná rẹ̀ kú láti ọdún 2021 lọ, nígbà tí owó gáàsì ga ní ọjà ayé, tí olùtà tí ó ju 25 lọ sì wó lulẹ̀. Ofgem, èyíinì ni ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ọjà náà, fi àwọn oníbàárà wọn lé olùtà mìíràn lọ́wọ́, owó tí àwọn ará ilé ti san sílẹ̀ kò sì ṣègbé.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣí bíìlì náà. Mítà kì í wọn owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọn ooru. Ìwọ̀n àyè tí gáàsì gbà ni ó ń wọ̀n, ní mítà onígun mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ooru ni a ń san owó rẹ̀, tí a ń kà ní kWh. Láti sọ ọ̀kan di èkejì, a ó fi 1.02264 sọ iye mítà di púpọ̀, nítorí pé gáàsì a máa fẹ̀ tàbí kí ó súnkì bí ojú ọjọ́ bá ti rí. A ó tún fi nọ́ńbà agbára ooru gáàsì náà sọ ọ́ di púpọ̀, èyí tí a ń tẹ̀ sórí bíìlì, tí ó sì sábà máa ń sún mọ́ 39. Lẹ́yìn náà a ó fi 3.6 pín in. Bí mítà bá ti 4,210 dé 4,310, tí nọ́ńbà ooru sì jẹ́ 39.5, a ó rí 1,122 kWh. Ká sọ pé pẹ́nì 6 ni ẹyọ kan, fún àpẹẹrẹ lásán: £67.32 nìyẹn. Lórí èyí ni a ó fi owó ojoojúmọ́ kún, tí bíìlì ń pè ní standing charge. Bí ó bá jẹ́ pẹ́nì 30, ọgbọ̀n ọjọ́ yóò gba £9. Owó-orí ìjọba, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò gbé gbogbo rẹ̀ dé £80.14. Ẹni tí ó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Owó ojoojúmọ́ yìí ni kí a fi ojú sí. Ìbáà ṣe pé a tan iná, ìbáà ṣe pé a rìnrìn-àjò wá sílé fún oṣù méjì, yóò máa kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ gbèdéke owó tí Ofgem fi lélẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019, tí a sì ń yẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta láti 2022. Ìwé ìròyìn a máa kéde iye kan fún ọdún kan, àwọn ènìyàn a sì rò pé bíìlì wọn kò lè kọjá iye náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó ẹyọ kWh kan àti owó ojoojúmọ́ ni a fi gbèdéke sí. Ẹni tí ó bá jó púpọ̀ yóò san púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà mítà lórí bíìlì. Bí lẹ́tà E bá wà níbẹ̀, olùtà kò ka mítà, ó méfò ni. Àròsọ yìí lè kéré, kí gbèsè sì máa kó jọ láìmọ̀. Ó sì lè pọ̀, kí a máa yá ọlọ́rọ̀ lówó. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ẹ ka mítà fúnra yín lóṣooṣù, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ilé tuntun, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ ya àwòrán mítà náà. Olùtà kò sì gbọ́dọ̀ bèèrè owó gáàsì tí a ti lò ju oṣù 12 lọ tí kò kọ bíìlì rẹ̀ rí, àyàfi bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti oníbàárà.

Mítà àsanṣáájú ni ó ń dùn wá jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ni ó sábà máa ń wà. Ó jọ sílíńdà wa lójú, ṣùgbọ́n kò jọ ọ́ nínú. Ẹni tí kò bá fi owó sínú rẹ̀ fún 90 ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, lójú ara rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ní pẹ́nì 30 lójúmọ́, ó ti jẹ £27. Bí òtútù bá dé tí ó sì fi £20 sí i, ó lè rí i pé mítà ti gbé owó náà mì, kí iná má sì tàn. Nígbà mìíràn, gbèsè ẹni tí ó kó jáde nílé náà ni ó ṣì wà nínú mítà. Kí àlejò tètè pe olùtà kí ó tó fi owó kankan sí i. Ní oṣù Èrèlé 2023 ni a dá àwọn olùtà dúró kí wọ́n má fi agbára gbé mítà yìí sí ilé ẹni tí ó jẹ gbèsè. Nígbà tí a tún gbà wọ́n láyè, a yọ àwọn kan sílẹ̀, lára wọn ni ilé tí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2 wà, àti arúgbó tí ó ti kọjá ọdún 75 tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ó yẹ kí àwọn ará wa mọ èyí, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ kì í bèèrè.

Ohun kan ṣẹ́kù. Bí òórùn gáàsì bá gba ilé, olùtà kọ́ ni a ń pè. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fọwọ́ kan ìtànná, ẹ jáde, kí ẹ sì pe 0800 111 999. Àwọn tí ó ni páìpù ni yóò wá, lọ́sàn-án tàbí lóru, wọn kì í sì í bèèrè bóyá ẹ ti san bíìlì.