Èsúsú Tí Wọ́n Fi Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta Tì

"Èsúsú wa náà ni, ọmọ mi. Wọ́n kàn ra àpótí fún un, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tì í ni."

Ìyá àgbà kan, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Gamkalley, àdúgbò àtijọ́ kan létí Odò Ọya nílùú Niamey, níbi tí àwọn apẹja, àwọn tó ń ṣe awọ àti àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí etídò ti ń jẹun lára omi kan náà. Omi tútù ni mo yà rà ní ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin kan ń kọjá lọ, méjì nínú wọn gbé àpótí irin kan sáàárín, wọ́n ń bára wọn ṣàwàdà ní èdè Zarma. Mo béèrè ohun tí wọ́n gbé. Ìyá ní ọjọ́ ìpín wọn ni, pé owó tí wọ́n ti ń dá bọ̀ látọdún ni wọ́n fẹ́ lọ tú síta, kí wọ́n kà á lójú ara wọn, kí kálukú gba tirẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́ nípa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wọn. Ìyá wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn, ó sì sọ gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí i. Tamale ló wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní November 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá padà sílé, àwọn mìíràn sì kọjá sí Upper Volta, Ivory Coast tàbí Niger. Tọkọtaya náà dé Niamey pẹ̀lú ẹrù díẹ̀. Owó èsúsú àwọn ará ilé tó ti ṣáájú wọn débẹ̀ ni wọ́n fi ra ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gbà kí wọ́n sọ fún òun pé òyìnbó ló dá owó ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ta ló jàre? Ìtàn tó wà nínú ìwé kò gùn. Raiffeisen dá ẹgbẹ́ àyálówó àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Heddesdorf ní Jámánì lọ́dún 1864, Desjardins ṣe tirẹ̀ ní Lévis ní Kánádà lọ́dún 1900, Fadá John McNulty gbé e dé Jirapa ní àríwá Ghana lọ́dún 1955. Nílẹ̀ wa, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dé lọ́dún 1935, Báńkì Cooperative ti Ìwọ̀-Oòrùn sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1953. Ṣùgbọ́n èsúsú ti wà kí gbogbo ìwọ̀nyí tó dé. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí lọ́dún 1897, kò sì kọ ọ́ bí ohun tuntun. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Trinidad mú un dání, wọ́n ń pè é ní susu níbẹ̀ títí dòní. Àwọn Hausa ní adashi tiwọn, wọn kì í sì í gbà pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni àwọn ti rí i kọ́.

Ti àpótí tí mo rí yìí ní ọjọ́ ìbí tó ṣe é tọ́ka sí. Ní nǹkan bí ọdún 1990, báńkì ìdàgbàsókè Niger tí wọ́n ń pè ní BDRN wó lulẹ̀. Obìnrin oko kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú báńkì tẹ́lẹ̀, àdánù ńlá yẹn sì tún mú kí ìrètí wọn jìnnà sí i. Lọ́dún 1991, ní agbègbè Maradi tó kọjú sí Kàtsínà, àjọ CARE bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Mata Masu Dubara. Moira Eknes, òṣìṣẹ́ CARE láti Norway, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn jù. Kò dé Maradi pẹ̀lú owó tó fẹ́ yá àwọn obìnrin. Adashi tí wọ́n ti ń dá ló bá níbẹ̀, òun ló sì gbé ètò náà lé. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ jàre dé ìdajì, nígbà náà.

Ìdajì yòókù la gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò dáadáa. Nínú èsúsú, owó kì í sùn. Ogún èèyàn dá a lónìí, ẹnì kan kó o lónìí, ó di ọjọ́ mìíràn. Kò sí èlé, kò sí àjẹkù, kò sí ohun tí akọ̀wé fẹ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ lópin ọdún. Aburú rẹ̀ ni pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn lónìí lè wà ní ipò kejìdínlógún. Bí kò bá rí ẹni bá a pààrọ̀ ipò, olówó èlé ló kù. Àpótí ló mú kí owó sùn, kí ẹni tó nílò rẹ̀ lè yá a. Ibi tí owó bá sì ti ń sùn, ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Alájọ ni ẹni tí owó kọ́kọ́ sùn lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, a ò sì lè mẹ́nu kan alájọ ká fo Ṣómólú. Alphaeus Taiwo Olunaike, ọmọ Ìjẹ̀bú tó kú lọ́dún 2012, ni ẹni tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú. Títí dòní, ẹni tí orí rẹ̀ bá pé, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn lójúmọ́ láì kọ ọ́ sílẹ̀, bí oṣù bá sì pé, iye tí kálukú dá ló máa kà lé e lọ́wọ́, yóò yọ owó ọjọ́ kan tó jẹ́ ẹ̀tọ́ alájọ, kò sì ní ṣi ẹnikẹ́ni gbà.

Ìjà wà lórí mọ́tò yẹn. Bi èèyàn mẹ́ta léèrè, wàá gbọ́ ìtàn mẹ́ta. Àwọn kan ní ọ̀nà kọ́rọ́kọ̀rọ Ṣómólú àti Bárígà ló fà á: mọ́tò kì í wọ ẹ̀yìnkùlé tí àwọn oníbàárà ń gbé, kẹ̀kẹ́ sì máa ń wọ ibẹ̀ láìsí wàhálà. Àwọn mìíràn ní ó ta á kí ó lè san owó àwọn tó ń dá àjọ lásìkò tí nǹkan le, pé ojú rere àwọn èèyàn ju mọ́tò lọ lójú rẹ̀. Ẹ̀yà kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó ń sọ ọ́ ní alájọ tó bá ń gun mọ́tò, ọkàn ẹni tó ń dá àjọ kò lè balẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà yóò máa wo táyà, yóò máa ronú pé bóyá owó òun ni wọ́n fi rà á. Bó ti gun kẹ̀kẹ́ dé, àwọn tó ń dá àjọ pọ̀ sí i. Àwọn kan gbà pé ìwà òpè ló hù, àwọn kan ní ọgbọ́n tó ga jù ni. Gbogbo wọn ló gbà pé kò jẹ owó ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n inú orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣirò yẹn wà. Bí Ọlọ́run bá mú olórí pípé lọ lóru, ta ló fẹ́ sọ iye tí ìyá ẹlẹ́wà dá? Ibi tí àwọn obìnrin Maradi ti já ọgbọ́n tiwọn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ìwé, nítorí náà, ètò náà kọ́ wọn láti fi orí gbogbo wọn ṣe ìwé. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jókòó yípo. Obìnrin mẹ́ta tó ní kọ́kọ́rọ́, tí kì í ṣe ará ilé kan náà, á dìde, kálukú á ṣí àgádágodo tirẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí ideri, alága á béèrè pé èló ló kù sínú àpótí ní ìpàdé tó kọjá. Ẹni tí wọ́n bá na ìka sí ló máa dáhùn. Bí ó bá ṣì í, àwọn yòókù á tún un ṣe. Wọ́n á wá ka owó inú rẹ̀ sórí àwo, sókè ketekete. Ẹni tó pẹ́ dé á san ìtanràn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, wọ́n sì lo òwe náà bó ṣe yẹ.

Ìṣirò ọdún wọn kò le. Ní Niger, dala ni wọ́n fi ń ka owó lọ́jà, dala kan sì jẹ́ CFA 5. Ká ní obìnrin 25 ń dá ọgọ́rùn-ún dala, ìyẹn CFA 500, lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 40. Owó tí wọ́n dá á jẹ́ CFA 500,000. Láàárín ọdún, wọ́n ń yá a fún ara wọn, CFA 10 lórí 100 lóṣù ni èlé tó wọ́pọ̀. Ká ní èlé àti ìtanràn mú CFA 100,000 wọlé. Lọ́jọ́ ìpín, ẹni tó dá 20,000 á gba 24,000. Àwọn kan nínú Mùsùlùmí ń kọminú sí èlé yìí. Èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé kò sí olówó kan tó ń jẹ ẹ́, ẹni tó san án náà ló tún pín in. Ìpín yẹn ni wọ́n fi ń ra àgùntàn tàbí irúgbìn. Lẹ́yìn rẹ̀, àpótí á ṣófo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Àṣìṣe tó bá wọlé kò lè fara pamọ́ ju ọdún kan lọ.

Owó mìíràn tún wà lọ́tọ̀, owó ìrànwọ́. Èyí kò ní èlé. Òkú, ìkómọ, àìsàn, ilé tó jó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Ìlú tí odò ya bo ilé lọ́dún 2012 àti 2020 mọ ìwúlò irú owó bẹ́ẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ tún kọjá ti owó. Òfin Niger ti ọdún 2000 ní kí wọ́n fi ìdá kan lára ipò tí wọ́n ń dìbò fún sílẹ̀ fún obìnrin, àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wọ̀nyí sì wà lára àwọn tó jáde nígbà ìdìbò ìbílẹ̀ 2004. Ẹni tó ti ń ka owó níwájú ogún èèyàn kì í bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ níwájú ìlú. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní July 2023, tí ECOWAS ti ààlà, tí àwọn báńkì sì dín iye tí èèyàn lè gbà kù, ẹni tó ní àpótí ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró lórí ìlà báńkì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwa tó ni èsúsú? Ẹ lọ sí ìpàdé ọdún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Wọ́n ti tẹ ìwé ìṣirò, ó wà lórí àga, abẹ́bẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe nítorí ooru. Nígbà tí ayẹ̀wé-owó-wò bá dìde, àwọn èèyàn ti ń wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n to ìrẹsì, agboòrùn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ pín sí. Wọ́n á ní kí wọ́n gba ìròyìn wọlé, ẹnì kan á kín in lẹ́yìn, ó parí. Àwọn ọ̀dọ́ kò tilẹ̀ wá, orí fóònù ni tiwọn wà. Ètò owó orí ayélujára tí wọ́n ń pè ní MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ní December 2016. Ní April 2025, irú rẹ̀ mìíràn, CBEX, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó rí àpótí rí nínú méjèèjì.

Mi ò lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ìgbà tí ìwé dé ni a dẹ́kun láti máa ka owó sókè. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń ṣe ìpàdé ọdún lọ́dún yìí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ka ìṣirò kí wọ́n tó pín ìrẹsì. Ẹ béèrè èló ló wọlé, èló ló jáde, ta ló jẹ gbèsè, èló la fi ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí lójú gbogbo ayé, ẹ kó owó yín kúrò níbẹ̀.