Agbọ̀n Tó Mú Wọn Jókòó Pọ̀



Ní 1994, láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 500,000 ní Rùwáńdà. Àwọn Tútsì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Opó kún ìlú. Ọkọ àwọn obìnrin mìíràn wà lẹ́wọ̀n nítorí ìpànìyàn náà. Ta ni yóò kọ́kọ́ kí ẹnì kejì?

Agbọ̀n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Opó àti ìyàwó ẹlẹ́wọ̀n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n jọ ń hun agbọ̀n agaseke, wọ́n ń tà á títí dé Amẹ́ríkà. Wọn ò gbàgbé òkú wọn o, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwé. Obìnrin tó bá sì ń mówó wálé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tà nílé. Ní 1999, òfin ilẹ̀ náà gbà kí ọmọbìnrin máa jogún bíi ti ọkùnrin.

Àwa ńkọ́? Nítorí àyè ìsọ̀ lásán, àwọn kan nínú wa kì í kí ara wọn. Ẹ jẹ́ ká jọ dá èésú, ká jọ rajà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.