Ṣé o mọ̀? Ọta tó dára nítòsí lè má wúlò lókèèrè

Nínú igbó kìjikìji Amẹ́ríkà, níbi tí àgbọ̀nrín kì í ti í jìnnà sí ọdẹ, ọ̀pọ̀ ṣì ń lo kátíríìjì .30-30 tí ilé iṣẹ́ ìbọn Winchester gbé jáde ní 1895. Ìbọn rẹ̀ sábà máa ń to kátíríìjì sínú ọ̀pá kan lábẹ́ agba ìbọn, orí ọ̀kan á kan ìdí èkejì. Bí orí ọta bá mú ṣóńṣó, ó lè gún ibi tí iná ti ń ràn nídìí èyí tó wà níwájú, kí kátíríìjì yẹn sì bú gbàmù mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣe orí rẹ̀ ní pẹrẹsẹ, àmọ́ afẹ́fẹ́ tètè máa ń dín eré irú orí bẹ́ẹ̀ kù.

Ní pápá gbalasa, ẹ jẹ́ kí .30-30 sinmi. Ọta ṣóńṣó bíi ti kátíríìjì .308 ló yẹ ibẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣètò ìbọn láti ba ibi tí wọ́n fojú sùn ní 100 mítà, ọta náà á ti wálẹ̀ ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ kó tó dé 300 mítà.

Ọta ọdẹ gbọ́dọ̀ là nínú ẹran kó tó pa á kíákíá. Tí eré rẹ̀ bá pọ̀ jù, ó lè fọ́ yángá, kó ba ẹran jẹ́. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́ jù, á kàn lu ihò kọjá ni. Bàbà le ju òjé lọ, nítorí náà ọta bàbà nílò eré púpọ̀ ju ti òjé lọ kó tó là. Kí ọdẹ California fi èyí sọ́kàn: láti July 1, 2019 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti ka ọta olójèé léèwọ̀ fún ọdẹ ṣíṣe.