Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: "Tenant" kì í ṣe ayálégbé nìkan

Tí a bá gbọ́ "tenant", ayálégbé tó ń san owó ilé ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n "ẹni tó di nǹkan mú" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀: inú "tenere" ti èdè Látìn ló ti wá, ẹnu àwọn Faransé ló sì gbà dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọba ló ni gbogbo ilẹ̀. Àwọn ìjòyè ńlá pàápàá, ńṣe ni wọ́n kàn di tiwọn mú lábẹ́ ọba, tí wọ́n sì ń kó ọmọ ogun wá fún un. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé títí dòní, òfin ibẹ̀ lè pe tọkọtaya tó jọ ra ilé ní "joint tenants", bí wọn ò tilẹ̀ san kọ́bọ̀ fún onílé kankan.