Lẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà: àlàyé fún ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán ya fídíò

Ní Thomas Estate, ní Ajah, ẹ̀gbẹ́ títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ẹ́jẹ́ǹtì tó ń polówó ilé kì í gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sójú kan. Ẹnu géètì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á gba orí ìńtálọ́ọ̀kì wọlé, á já sí pálọ̀, á gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá òkè, á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí BQ lẹ́yìnkùlé, kò sì ní pa kámẹ́rà. Bákan náà ni àwọn tó ń ṣe fídíò apanilẹ́rìn-ín: ẹnì kan ń sáré, ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ ń sáré tẹ̀lé e. Gbígbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé kalẹ̀ sójú títì máa ń fa wàhálà mìíràn pẹ̀lú, torí kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ ìta á fi dé láti béèrè owó wọn. Kámẹ́rà kékeré tó bá ọwọ́ mu kì í pe irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi ara wọn ni pé kámẹ́rà wo ló dára jù. Lójú tèmi, ìbéèrè kẹta nìyẹn. Lẹ́ǹsì ni àkọ́kọ́. Ohun tí yóò dá ìgbọ̀n ọwọ́ dúró ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá tò ó báyìí yóò ná owó tó kéré, fídíò rẹ̀ kò sì ní kọ́ òǹwòran ní òòyì.

Owó ọ̀hún kì í ṣe kékeré mọ́. Nígbà tí Sony gbé kámẹ́rà ZV-E10 jáde ní oṣù Keje ọdún 2021, nǹkan bí dọ́là 700 ni wọ́n ń ta á láìsí lẹ́ǹsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan ò ju nǹkan bí náírà 465 lọ ní báńkì, dọ́là 700 yẹn sì jẹ́ nǹkan bí náírà 325,000. Nígbà tí dọ́là kan fi di náírà 1,500 ní ọdún 2024, iye kan náà ti di mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, kí a tó ka owó ọkọ̀ àti èrè ọlọ́jà mọ́ ọn. Ìràkurà kan ṣoṣo lè gbé owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù lọ.

Ṣùgbọ́n ohun èlò kékeré kò dí wa lọ́wọ́ rí ní agbègbè yìí. Ní Accra, lọ́dún 1987, William Akuffo fi kámẹ́rà fídíò lásán ya Zinabu, nígbà tí owó fíìmù onírọ́ọ̀lù ti ga ju ohun tí apá ń ká. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Èkó, Ade Ajiboye ya fíìmù Yorùbá sórí fídíò, ọ̀pọ̀ òpìtàn ló sì kà á mọ́ àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé iṣẹ́ gidi kọ́ ni. Tunde Kelani, tó ti fi kámẹ́rà onírọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde lórí fídíò lọ́dún 1993, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn. Nígbà tiwa yìí ni àwọn ọmọ Ikorodu Bois ń lo fóònù àti ohun èlò inú ilé láti ṣe àfarawé àwọn fíìmù ńlá Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2020, àfarawé wọn wọ àwọn tó ṣe fíìmù Extraction lójú débi tí wọ́n fi pè wọ́n síbi àfihàn àkọ́kọ́ apá kejì fíìmù náà, Netflix náà sì fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní Ìkòròdú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Kò sí ọwọ́ tó lè dúró gbọnin: iṣan ń fà, èémí ń gbé èjìká sókè sódò, gbogbo ìgbésẹ̀ ló ń mi ara láti gìgísẹ̀. Bí kámẹ́rà bá yẹ̀ ní ìdajì dígírì péré, gígùn lẹ́ǹsì, ìyẹn nọ́ńbà mìlímítà tí wọ́n kọ sí i lára, ló máa sọ bí àwòrán yóò ṣe fò tó. Sẹ́ńsọ̀ ZV-E10, ìyẹn awo tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, fẹ̀ tó mìlímítà 23.5. Àwòrán 4K tó bá bọ́ lórí rẹ̀ ní píksẹ̀lì 3,840 láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Bí lẹ́ǹsì bá jẹ́ 16mm, ìdajì dígírì yẹn yóò gbé àwòrán sún ní nǹkan bí píksẹ̀lì 23. Bó bá jẹ́ 50mm, yóò gbé e sún ní nǹkan bí 71. Ọwọ́ kan náà ni, ìgbọ̀n kan náà ni, ojú òǹwòran sì rí i ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn tó gbajúmọ̀ jù lọ ti ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n á ní kí ẹ lọ ra 50mm f/1.8 ti Canon, torí kò wọ́n, kò wúwo ju gíráàmù 160 lọ, ó sì máa ń sọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì tó dùn ún wò. Òótọ́ ni, fún fọ́tò. Lórí àwọn Canon tí sẹ́ńsọ̀ wọn kéré, tí wọ́n ń pè ní APS-C, 50mm ń ṣe iṣẹ́ 80mm. Kò sí ohun ìdádúró kankan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e wọ pálọ̀, ẹ̀yìn yín á ti kan ògiri kí ènìyàn méjì tó lè jọ wọnú àwòrán. Ẹni tó bá ti ní Canon 600D tàbí 700D nílẹ̀, EF-S 10-18mm IS STM ni kó wá: gíráàmù 240, ó fẹ̀, ohun ìdádúró sì wà nínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn òkùnkùn. Fún fídíò ilé ní ọ̀sán, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ilé iṣẹ́ ń gbà bá ìgbọ̀n jà. Èkíní wà nínú lẹ́ǹsì: gíláàsì kan nínú rẹ̀ máa ń sún sí òdìkejì ibi tí ọwọ́ ń yẹ̀ sí. Canon ń kọ ọ́ ní IS, Sony ní OSS, Tamron ní VC. Ẹ wá lẹ́tà wọ̀nyí lára lẹ́ǹsì kí ẹ tó ka owó. Èkejì wà nínú ara kámẹ́rà, níbi tí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń sún, gbogbo lẹ́ǹsì tí ẹ bá fi síwájú rẹ̀, títí kan àwọn àgbà lẹ́ǹsì àtijọ́, ló sì máa jàǹfààní. Ẹ̀kẹta jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú kámẹ́rà: ó máa ń gé etí àwòrán dànù kó lè rí àyè tí yóò fi máa fa àwòrán padà sójú kan. Ohun tí èyí ń gbà lọ́wọ́ yín ni ìfẹ̀ àwòrán. Lórí ZV-E10, gígé náà máa ń sọ 16mm tó bá kámẹ́rà wá di nǹkan bí 23mm, débi pé ẹni tó na kámẹ́rà síwájú ara rẹ̀ yóò rí i pé orí òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú àwòrán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka 11mm f/1.8 tí Sony gbé jáde ní 2022 sí ìnáwó tó lérè: gíráàmù 181 péré ni, lẹ́yìn gígé yẹn yóò sì di nǹkan bí 16mm. Lálẹ́ ṣá o, ẹ̀kẹta yìí kì í lè nu bàìbàì tí ìgbọ̀n ti fi sínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àwòrán á dúró, bàìbàì á máa fò nínú rẹ̀.

Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè pa ìgbọ̀n ìgbésẹ̀ rẹ́ tán. Ẹni tó ń rìn ní tòótọ́, tó ń gun àtẹ̀gùn, nílò gimbal, irinṣẹ́ oníjọ́ńtì mẹ́ta tí mọ́tò ń gbé. Ilé iṣẹ́ DJI kó o pọ̀ mọ́ kámẹ́rà nínú Osmo Pocket 3, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023: gíráàmù 179, ó ń wọ àpò ṣòkòtò, lẹ́ǹsì rẹ̀ sì fẹ̀ tó 20mm ti kámẹ́rà ńlá. Kò ṣeé pààrọ̀ lẹ́ǹsì, iyanrìn àti òjò sì lè ba ọrùn rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀, fún ẹ́jẹ́ǹtì tó ń dá rìn nínú ilé, mi ò mọ ohun tó dára jù ú lọ ní iye owó rẹ̀.

Àwọn yòókù ń kọ́? Canon R50 (2023) wúwo tó gíráàmù 375, ó ń fi gbogbo ìbú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ya 4K, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ojú ènìyàn dáadáa. Mo fi í ṣíwájú ZV-E10 fún ẹni tó ń ju kámẹ́rà yíká, torí ZV-E10 máa ń lọ́ra láti ka sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ ní 4K: bí ẹ bá yí i kíákíá, òpó iná á dagun, ògiri á tẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún Canon M50, tó pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀. Bí ẹ bá ti yí i sí 4K, yóò gé àwòrán gan-an, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ tó mọṣẹ́ yóò sì di aláìmọ̀ọ́ṣe. 1080p ni kí ẹ máa fi yà. Panasonic G80, tí wọ́n ń pè ní G85 ní Amẹ́ríkà, ti wà láti 2016, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sì ń sún láti dá ìgbọ̀n dúró. Fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ni kò yá. Ògiri kì í rìn, nítorí náà yóò ṣiṣẹ́ fún fídíò ilé. Òṣèré tó ń sáré bọ̀ wá sójú kámẹ́rà yóò sú u. Ẹni tí fóònù rẹ̀ sì ní ohun ìdádúró nínú lẹ́ǹsì kò nílò kámẹ́rà lónìí. Sean Baker fi iPhone 5s ya Tangerine, tó dé sinimá ní 2015.

Ìmọ́lẹ̀ Ajah tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí fídíò yóò bá rìn ní ìrísí tí ojú mọ̀, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ṣọ́tà, ìyẹn àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sì wà ní 1/50, ló yẹ. Nínú oòrùn ọ̀sán, pẹ̀lú lẹ́ǹsì f/2.8 àti ISO 100, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé yóò tó ìlọ́po 64 ohun tí kámẹ́rà nílò. Gíláàsì dúdú tí wọ́n ń pè ní ND64 ló ń tán ìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kámẹ́rà. Ilé funfun báláú tún máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ ojú ènìyàn dúdú di òjìji. Ojú ènìyàn ni kí ẹ fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ògiri funfun jù bó bá fẹ́ funfun jù.

Nínú ilé, iná mànàmáná wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, gílóòbù sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tàbí Japan máa ń wà lórí NTSC, tí iṣẹ́ rẹ̀ bá iná ìgbà 60 mu, ìyẹn ló fà á tí ìlà dúdú fi máa ń rìn kọjá nínú fídíò. Ẹ yí i sí PAL, tó bá iná ìgbà 50 tiwa mu, ẹ fi ṣọ́tà sí 1/50 tàbí 1/100. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí bí ẹrù bá ti ń pọ̀ lórí rẹ̀ ni yíyí rẹ̀ ń yẹ̀. Ẹ lo ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tàbí iná LED oníbátìrì. Bí ẹ bá sì jáde láti inú yàrá tí ẹ́sì ti mú tutù, omi yóò bo lẹ́ǹsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi kámẹ́rà sínú báàgì kí ẹ tó jáde, kó bá ooru mọra díẹ̀díẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí ẹ bá lọ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ mú káàdì mẹ́mọ́rì àti tọ́ọ̀ṣì yín dání. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì kọjá. Bí ẹ bá rí ohun tó ta bí òwú aláǹtakùn, olú ló ti hù níbẹ̀, ọ̀rinlẹ̀ etíkun wa yóò sì mú kó gbilẹ̀. Ẹ wo àkójọ èdè inú kámẹ́rà, torí àwọn Sony kan tí wọ́n tà ní Japan kò gbọ́ èdè mìíràn ju ti Japan lọ. Ẹ ya 4K fún ogún ìṣẹ́jú níwájú ọlọ́jà, kí ẹ mọ̀ bóyá ooru yóò pa á. Ẹ wo bátìrì bóyá ó ti wú.

Ẹ má ṣe ná gbogbo owó tán síbẹ̀, torí máíkì inú kámẹ́rà yóò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kó tó gbọ́ òṣèré. Máíkì kékeré tí wọ́n ń fi há kọ́là aṣọ ni kí ẹ fi kún un. ZV-E10 ní ihò máíkì, ó tún ní ihò tí ẹ lè ki ìyapíìsì bọ̀ láti máa gbọ́ ohùn bó ṣe ń wọlé. R50 ní ihò máíkì nìkan, nítorí náà ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ tún ìran kọ̀ọ̀kan gbọ́ kí àwọn òṣèré tó bọ́ aṣọ.