Bí Àsíá Ṣe Ń Sọ Ọmọ Ilé Di Àlejò

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2015, ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ tó gbé pósí Clementa Pinckney wọ ọgbà ilé aṣòfin South Carolina, ní ìlú Columbia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Sẹ́nétọ̀ ni Pinckney nínú ilé yẹn, pásítọ̀ sì tún ni. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan jókòó ti àwọn ọmọ ìjọ níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Pinckney ní Charleston, ó sì yìnbọn pa ènìyàn 9, pásítọ̀ pẹ̀lú.

Àsíá Amẹ́ríkà àti ti ìpínlẹ̀ náà wà ní ìdajì òpó, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n àsíá mìíràn wà níwájú ọgbà: pupa ni, ilà búlúù méjì dábùú ara wọn lórí rẹ̀ bíi lẹ́tà X, ìràwọ̀ funfun 13 sì tò sínú ilà náà. Òun wà lókè téńté. Òfin ọdún 2000 ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ ilé aṣòfin. Nínú ilé tí wọ́n tẹ́ òkú sí, wọ́n ní láti ta aṣọ dúdú bo fèrèsé kan, kí àwọn tó wá dágbére fún un má baà máa wo àsíá náà.

Àsíá ogun ni. Láti ìparí ọdún 1860 sí 1861, àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ya kúrò lára Amẹ́ríkà nítorí pé wọn ò fẹ́ kí ẹ̀tọ́ láti ní ẹrú bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ ogun wọn sì gbé e lọ sójú ìjà. Wọ́n fìdí rẹmi lọ́dún 1865. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń ní ìrántí baba ńlá àwọn ni, ọ̀pọ̀ wọn ló sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹ wo ọdún tí wọ́n gbé e sókè. 1961 ni South Carolina kọ́kọ́ ta á sórí òrùlé ilé aṣòfin, ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ogun ti parí, nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbóná janjan. Georgia ti fi í sínú àsíá tirẹ̀ lọ́dún 1956, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n yé fi àwọ̀ ya ọmọ sọ́tọ̀ nílé ìwé ìjọba. Èmi ò gbà pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Aṣọ kan náà ni o. Ẹnì kan wò ó, ó rí baba ńlá rẹ̀. Ẹlòmíì wò ó, ó rí ẹni tó ra baba ńlá tirẹ̀ lọ́jà. Àwọn méjèèjì ló ń san owó orí ní ìpínlẹ̀ kan náà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2015 yẹn, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Bree Newsome, gun òpó àsíá níwájú ilé aṣòfin South Carolina láàárọ̀ kùtùkùtù, ó tú àsíá náà sọ́wọ́. Ọlọ́pàá dúró dè é nísàlẹ̀, wọ́n sì mú un. Kò pẹ́ tí àsíá tún gòkè. Ọjọ́ 10 oṣù keje ni wọ́n tó fà á wálẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí ilé aṣòfin dìbò, tí Gómìnà Nikki Haley sì buwọ́ lù ú.

Ti Mississippi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1894 ni àmì yẹn ti wà ní igun àsíá wọn, àwọn olùdìbò sì ní kó máa wà níbẹ̀ lọ́dún 2001. Nígbà tó di 2020, ilé aṣòfin yọ ọ́, àwọn olùdìbò sì gba tuntun wọlé: òdòdó magnolia funfun ló wà láàárín, ìràwọ̀ yí i ká. Ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ náà, èyí tó wà lókè tó ní àwọ̀ wúrà, wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún àwọn onílẹ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí aláwọ̀ funfun tó dé, kí wọ́n tó kó ẹrú dé.