Yíyan Gbàgede Òwò Owó Kírípítò àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí ṣí fóònù wọn, wọ́n sì rí i pé owó tí wọ́n kó sí orí gbàgede kan tí à ń pè ní CBEX kò ṣeé gbà jáde mọ́. Ìlérí tí gbàgede náà ṣe ni pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí 30 ọjọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi igbe ta, wọ́n ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là san 100 dọ́là sí i, kí ẹni tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ san 200, kí a tó lè dá owó wọn padà. Ní Ìbàdàn, inú bí àwọn kan débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì kó àga àti ẹrù ibẹ̀ lọ. Àjọ SEC, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ọjà ìdókòwò, sọ pé òun kò fún wọn ní ìwé àṣẹ.

A fi ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú nítorí pé kì í ṣe pé owó bitcoin já wálẹ̀ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi pàdánù. Ibi tí wọ́n kó owó sí ni ó dà wọ́n.

Owó kírípítò jẹ́ owó orí ẹ̀rọ tí báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè kankan kì í tẹ̀. Bitcoin, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ni a mọ̀ jù nínú wọn. Gbàgede òwò ni ibi tí a ti ń fi náírà rà á, tí a sì ti ń tà á padà. Ẹni tí ó bá rà á tí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó mọ̀ pé ọwọ́ gbàgede ni kọ́kọ́rọ́ wà. Iye tí ó ń rí lójú fóònù kò ju àkọsílẹ̀ ohun tí gbàgede náà jẹ ẹ́ lọ. Àwọn oníbàárà FTX kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá náà wó. Ní ọdún 2024 ni ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà rán olùdásílẹ̀ rẹ̀, Sam Bankman-Fried, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 25.

Ní ti òfin ilẹ̀ wa, nǹkan ti yí padà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì pa àkáǹtì àwọn tí ń ṣòwò kírípítò dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó tún àṣẹ náà ṣe, ó sì gbà kí báǹkì ṣí àkáǹtì fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí SEC bá fún ní ìwé àṣẹ. Òfin ìdókòwò tuntun ti ọdún 2025 wá fi kírípítò sábẹ́ àṣẹ SEC pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣì mú: àjọ NDIC, tí ó lè san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún oníbàárà bí báǹkì olówò bá dẹnu kọlẹ̀, kò dáàbò bo owó kírípítò.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe pé èrè mélòó ni gbàgede yìí ń mú wá. Ẹ lọ sí ojú òpó SEC, kí ẹ wo bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí a fọwọ́ sí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ CAC kò tó. Ẹni tí ń ta bàtà náà lè gbà á. Gbàgede tí ó bá ṣèlérí èrè kan pàtó lóṣooṣù, tàbí tí ó ń sanwó fún yín nítorí pé ẹ mú ọ̀rẹ́ wá, ẹ yẹra fún un, ẹni yòówù tí ó bá fi hàn yín, ìbáà jẹ́ àbúrò yín.

Kí ẹ tó kó owó ńlá sí i, ẹ fi owó kékeré dán an wò: ẹ rà, ẹ tà, kí ẹ sì gba náírà náà padà sí báǹkì yín. Ẹ wo iye tí yóò kù. Bí àpẹẹrẹ, bí gbàgede bá ń ta USDT kan ní ₦1,600 tí ó sì ń rà á padà ní ₦1,570, ₦50,000 yóò di USDT 31.25; bí ẹ bá tà á lójú ẹsẹ̀, ₦49,062 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni yóò padà wá. Gbàgede náà lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kì í gba owó iṣẹ́, àmọ́ ó ti gbà á.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni òwò ẹnìkan sí ẹnìkejì, níbi tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ ti ń san náírà sí báǹkì yín tààrà. Ẹ má ṣe gba àwòrán ìsanwó gbọ́, ẹ má sì gba álàátì nìkan gbọ́. Ẹ ṣí àkáǹtì yín kí ẹ fojú ara yín rí owó kí ẹ tó tú kírípítò sílẹ̀. Orúkọ ẹni tí ó sanwó gbọ́dọ̀ bá orúkọ tí ó fi ń ṣòwò mu. Bí kò bá bá a mu, ó lè jẹ́ owó tí a jí ni. Bí olówó bá fẹjọ́ sun, àkáǹtì yín ni báǹkì yóò tì.

Bí ẹ bá ń fi kírípítò ránṣẹ́, ẹ yẹ àdírẹ́sì àti ọ̀nà tí ó ń gbà wò. USDT orí Tron àti ti orí Ethereum kì í gba ọ̀nà kan náà, kò sì sí òṣìṣẹ́ báǹkì tí yóò dá èyí tí ó ṣìnà padà. Bí ẹ bá ní àpò ti ara yín, ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí a fi ń ṣí i, orí ìwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Kò sí òṣìṣẹ́ gidi kan tí yóò béèrè rẹ̀.

Bí jìbìtì bá sì ti ṣẹlẹ̀, báǹkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, ní ọjọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ kó nọ́ńbà ìdúnàádúrà, àdírẹ́sì àpò tí owó lọ àti gbogbo ìtàkùrọ̀sọ yín lọ bá àwọn ọlọ́pàá tàbí EFCC. Ẹ má ṣe pa wọ́n rẹ́ nítorí ìtìjú.